Ẹni Tí Yóò Túfọ̀ fún Wáìnì

Altwihr, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2003

Marlyse ọmọ mi,

Ìyá rẹ kú ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì, ní àárọ̀, kí wọ́n tó gbé kọfí wá.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́. Fernand àbúrò rẹ ní òun ti fi fóònù sọ ọ́ fún ọ ní Montréal. Ṣùgbọ́n ohun tí Fernand sọ, Fernand ló sọ ọ́. Èmi ni ọkọ rẹ̀, èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Ó kú. Kò jẹ̀rora púpọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, lẹ́yìn náà kò dì í mú mọ́.

Odile Haberer, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé n kò lè kọ̀wé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ará Jámánì gba ìlú, wọ́n fi èdè tiwọn kọ́ wa. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn ará Faransé padà dé, wọ́n ní èyí tí a kọ́ yẹn kò dára, ká gbàgbé ẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀. N kò sì kọ́ òmíràn. Odile ní kò yẹ kí n tún máa sọ èyí, pé o ti mọ̀ ọ́n. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

A sin ín ní Sátidé. Ilẹ̀ le nítorí òtútù, àwọn tó gbẹ́ ẹ ráhùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Lẹ́yìn ẹ̀ a mu kọfí, a sì jẹ kugelhopf, kéèkì ìlú wa, tí Odile yan. Ó gbẹ díẹ̀. Odile ní kò gbẹ.

Ìwọ kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ló dá lórí yìnyín, pé dókítà ní o kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn èèyàn béèrè rẹ, mo sọ ti ẹsẹ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn sú mi.

Nǹkan kan ṣì kù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ìyá rẹ sọ fún mi pé, "Bàbá Marlyse, ẹ má gbàgbé o. Ẹ lọ sọ fún wáìnì."

O mọ ohun tó ń sọ. Bí o bá ti gbàgbé, jẹ́ kí n rán ọ létí. Níbí, bí ẹni tó ń tọ́jú wáìnì inú àgbá bá kú, ẹnì kan látinú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀, kó kan àgbá kọ̀ọ̀kan, kó túfọ̀ fún un. Bí wọn kò bá ṣe é kí ìkórè tuntun tó wọlé, wáìnì á bínú, á dàrú bí omi ìfọṣọ. Èmi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìyá rẹ gbà á gbọ́. Òun ló ń rọ wáìnì kún àwọn àgbá ní ilé Kesselbrunn tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Nígbà tí Kesselbrunn àgbà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kú, òun ló lọ sọ fún àwọn àgbá, ó fi òòlù igi kékeré tó fi ń ti ìdérí wọn kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òòlù náà wà lórí tábìlì mi báyìí.

Mo lọ. Mo wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, mo ki òòlù bọ àpò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kesselbrunn ti ta ibẹ̀ fún àwọn ará Paris. Géètì irin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ohùn kan jáde láti inú ògiri, ó bi mí bóyá mo ti bá àwọn dá ọjọ́. Mo ní rárá. Ó ní ẹni tó bá ti dá ọjọ́ pé òun ń bọ̀ wá tọ́ wáìnì wò nìkan ni àwọn ń ṣílẹ̀kùn fún. N kì í sọ̀rọ̀ ìyàwó mi fún ògiri. Mo padà sílé.

Tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ. Má fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n ti pọ̀ jù.

Bàbá rẹ,
Aloyse Wurtzer


Montréal, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2003

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìdánìkanwà. Ẹ bá mi kí Odile dáadáa, kí ẹ sì sọ fún un pé mo gbà pé kugelhopf rẹ̀ kò gbẹ.

Wọ́n ti tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ mi. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí, mo dà bí Ìyá Àgbà nígbà tó máa ń lé adìyẹ. Tó bá di oṣù Karùn-ún, wọn á jẹ́ kí n padà máa wa bọ́ọ̀sì mi. Àwọn èrò mi ti ń béèrè mi. Étienne ọkọ mi ní ẹni tí wọ́n fi sípò mi máa ń kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ sọ̀ láìdúró.

Mo ka ọ̀rọ̀ wáìnì náà. N kò gbàgbé o, Bàbá. Mo rántí òórùn àjà ilẹ̀ lára irun Màmá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí igi tútù àti èso tó ti ń kan. Inú mi bàjẹ́ pé ògiri lé yín padà. Mo wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ra ilé Kesselbrunn ní ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀wò àdáni: ẹ ò ní dà pọ̀ mọ́ èrò, ẹnì kan á mú yín yí gbogbo ilé ká, títí dé àjà ilẹ̀, wọn á sì fún yín ní ìjókòó kí ẹ tọ́ wáìnì wò. Mo ti ṣètò ẹ̀ fún èèyàn méjì. Káàdì rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́ tó bá wù yín, kó ṣáà ti jẹ́ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n máa ń tilẹ̀kùn mọ́ àlejò nígbà ìkórè. Ẹ mú Odile dání. Wọ́n ní kí ẹ wọ bàtà tó rọrùn.

Ẹ jọ̀ọ́, fóònù tí Fernand rà fún yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ yín,
Marlyse


Altwihr, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin, 2003

Marlyse,

Káàdì rẹ dé. Ó nípọn, wọ́n fi wúrà kọ̀wé sára ẹ̀. Odile kà á sí mi létí. Wọ́n ní àwọn á mú mi rìnrìn àjò ahọ́n. Odile rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n bi ọ́. Bí èèyàn bá kú, ṣé ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ló ń túfọ̀? Ẹni ilé ló ń túfọ̀. Ìyá rẹ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé yẹn, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, nínú bàtà rọ́bà. Ìwọ wá fẹ́ kí n gba iwájú wọlé bí àlejò ọlọ́lá, kí n di gíláàsì mú lọ́wọ́, kí n wá máa sọ fún àwọn àgbá pé ó kú. Wọn á bi ara wọn pé ta lèyí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ilé tí kò bá tíì túfọ̀ fún wáìnì kì í mu wáìnì. Láti oṣù Kejì, omi ni mò ń mu. Omi kò ṣe mí ní nǹkan, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan fún mi.

Mo ti fi káàdì náà sẹ́yìn aago. Fóònù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló máa wà. Mo ti ré ẹ̀ka àjàrà ẹ̀yìn ilé, wọ́n ti ń rúwé.

Bàbá rẹ,
Aloyse


Montréal, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, 2003

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì kí n tó gbé e jáde. Lọ́jọ́ yẹn èmi náà pẹ́, àwọn èrò sì bú mi.

Ẹ ní ẹni ilé ló ń túfọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe túfọ̀ fún mi. Fernand pè mí látinú mọ́tò. Rédíò ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, kò pa á. Ó ní, "Màmá ti lọ." Mo bi í pé lọ síbo. Èmi àkọ́bí rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi tí wọ́n gbé kọ́, mò ń bi í pé Màmá lọ síbo. Ó ní òun ń pè mí padà, ó sì pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, mò ń se oúnjẹ, mò ń wo tẹlifíṣọ̀n, n kò sunkún. Ní ọkàn mi, kò tíì kú. Ìgbà tí lẹ́tà yín dé, tí ẹ ní ó di ọwọ́ yín mú, lẹ́yìn náà kò dì í mú mọ́, ìgbà yẹn ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ túfọ̀ fún mi. Ẹ ṣeun.

Torí náà mo mọ bó ṣe ń rí fún àwọn àgbá yẹn. Mo kàn fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí ni.

Ẹ ní ẹni tó bá gba iwájú wọlé pẹ̀lú káàdì, àlejò ni. Èmi náà, bí mo bá ń wálé báyìí, wọn á bi mí ní pápákọ̀ òfuurufú pé ìgbà wo ni mo máa padà lọ. Ṣé àlejò ni mí, Bàbá? Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Marlyse


Montréal, ogúnjọ́ oṣù Keje, 2003

Bàbá mi,

N kò rí èsì. Mo bi Fernand, ó ní ara yín le, pé ẹ kàn ń jókòó síwájú ilé. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́ kí n kà á. Ìbínú yín ò bà mí lẹ́rù, ìdákẹ́ yín ló ń bà mí lẹ́rù.

Fernand tún ní oòrùn ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ, pé èso àjàrà ti ń pọ́n ṣáájú ìgbà, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n kórè nínú oṣù Kẹjọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àkókò ti tán lọ́wọ́ wa, Bàbá. Bó bá jẹ́ pé torí pé èmi ni mo fi káàdì yẹn ránṣẹ́ lẹ ò fi ní lọ, ẹ sun ún, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Màmá ló rán yín níṣẹ́, kì í ṣe èmi.

Marlyse


Altwihr, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ, 2003

Marlyse mi,

Èmi Odile ni mo ń kọ èyí, bàbá rẹ ò mọ̀. Lẹ́tà rẹ ti oṣù Karùn-ún, ó mú kí n máa kà á fún un títí ìwé náà fi ya níbi tí o ti ká a. Bí mo bá bi í pé kí ni ká fi dá ọ lóhùn, á ní òun ò tíì rí ohun tí òun máa sọ.

Lánàá, wọ́n kéde nílùú pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìkórè máa bẹ̀rẹ̀ ní Kesselbrunn. Láàárọ̀ yìí ni bàbá rẹ kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé káàdì dání, eruku ẹ̀yìn aago ṣì wà lára ẹ̀. Ó ní kí n lọ wọ bàtà tó rọrùn.

Mo bá wọn dá ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ ni.

Odile


Altwihr, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ, 2003

Marlyse ọmọ mi,

A lọ.

Oòrùn mú débi pé àwọn ajá ò lè gbó. Mo wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, òòlù wà nínú àpò mi. Odile dé àkẹtẹ̀ tó dé síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ògiri bi wá léèrè orúkọ, Odile dá a lóhùn bí ẹni ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, géètì ṣí. Obìnrin kan jáde wá pàdé wa, Capucine lorúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó ní báwo ni ìrìn àjò, ó ní ṣé ọ̀nà jíjìn la ti wá. Odile ní, "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni. Ẹ wo aṣọ tí mo sá."

Ibi tí a jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń so ẹṣin mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ gbogbo ara rẹ̀ di gíláàsì. Ife tò sórí tábìlì, korobá fàdákà kan wà láàárín wọn. Odile bi í pé kí ni korobá wà fún. Ó ní bí a bá tọ́ ọ wò tán, ká tu ú síbẹ̀. Odile ní, "Ẹ ṣe é tán, ẹ tún ń tu ú dà." Ìyá rẹ náà máa ń tu ú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń tu ú sí.

Capucine bu wáìnì sí ife, ó sọ oríṣiríṣi nǹkan nípa ẹ̀, pé ó ń rùn bí òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. N kò fọwọ́ kàn án. Ó bu òmíràn. N kò fọwọ́ kàn án. Odile ta mí ní ìpá lábẹ́ tábìlì. Obìnrin náà bi mí bóyá kò wù mí, pé òun lè mú èyí tó dùn ju ìyẹn lọ wá.

Mo ní, "Ìyáàfin, n kò lè mu ún. Ìyàwó mi kú, wáìnì yín kò tíì gbọ́."

Ó gbé ìgò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìyàwó yín?" Mo ní Joséphine ni, ẹni tó ń rọ àwọn àgbá tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn yìí kún kí wọ́n tó dé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, kí n lè dìde, kí n máa lọ sílé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn ọ̀gá ṣe là á sílẹ̀ ni pé ká tọ́ wáìnì wò kí a tó lọ sí àjà ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wà ní Paris. Ó dìde.

Ó kọrí sí àtẹ̀gùn tuntun tó wà níwájú. Mo ní rárá, ìyàwó mi ò gba ibẹ̀ yẹn rí. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Ó ní òun ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn ṣì ń ṣí. Ó wá kọ́kọ́rọ́ títí, ó rí i nínú agolo kan pẹ̀lú àwọn tó ti dípẹtà. A gba àárín èpò kọjá, èmi, òun, àti Odile tó fọwọ́ di àkẹtẹ̀ mú. Ilẹ̀kùn náà le. Mo fi èjìká tì í. Ó ṣí.

Marlyse, òórùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí o sọ pé ó ń wà lára irun rẹ̀.

Àwọn àgbá àtijọ́ kò pọ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n tò wọ́n sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, bí òun ṣe máa ń ṣe. Mo fi òòlù kàn án. Mo ní, "Joséphine kú nínú oṣù Kejì. Aloyse ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ìdí gbogbo wọn. Ti àkọ́kọ́ ló le. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹnu mọ ọ̀nà.

Nígbà tí mo yíjú padà, mo rí àwọn táǹkì irin. Wọ́n ga, wọ́n ń dán bí ohun èlò ilé ìwòsàn. N kò kà wọ́n mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Mo bi Capucine bóyá nǹkan wà nínú wọn. Ó ní inú wọn ni èyí tó pọ̀ jù lọ wà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn yìí ò mọ ìyá o, Bàbá." Mo ní wáìnì ni wáìnì. Mo gbé òòlù sókè, mo kan táǹkì bí mo ṣe kan àgbá. Ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Odile fi àmì àgbélébùú ya ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan sáré sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ó ń bi wá pé kí ló bàjẹ́.

Capucine ní, "Kò sí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n ń túfọ̀ ni. Ṣí fìlà rẹ."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó dúró títí mo fi kan táǹkì tó kẹ́yìn.

A padà sókè, mo mu wáìnì. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kejì nìyẹn. Ife kejì tí mo gbé sẹ́nu, mo gbé e sílẹ̀, mo ní ọwọ́ Joséphine nìyí, orí òkè olókùúta tó ti ń ká èso lọ́dọọdún, pé bí wọ́n bá di mí lójú, màá mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ sọ̀yà. Capucine wo ìgò, ó wò mí. Ó rọra ní, "Bàbá, èso ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ni wọ́n fi ṣe é." Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè. Èyí tí ìyá rẹ máa ń sọ pé kò wúlò ju ká fi wẹ ajá lọ. Odile rẹ́rìn-ín títí àkẹtẹ̀ rẹ̀ fi já sínú korobá fàdákà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ó ṣì kù nínú mi. Mo mu ún tán, mo ní kí wọ́n bu sí i. Ó dára. Odile ní kí n má fi àbùkù kan ìyá rẹ. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: ó dára.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè.

O bi mí léèrè nǹkan nínú oṣù Karùn-ún. N kò dá ọ lóhùn torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹnu sọ irú ẹ̀. Ìdáhùn rẹ nìyí. N kò mú òòlù náà padà wálé. Mo fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ìyá rẹ ń fi kọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti kúrò nínú agolo, ó wà lára ìdì kọ́kọ́rọ́ Capucine. Mo ti sọ orúkọ rẹ fún un, mo ní kó pè é kí n gbọ́, ó pè é dáadáa. Èmi ni mo ń ré ẹ̀ka àjàrà ilé Kesselbrunn kí orúnkún mi tó kọ̀. Àwọn àgbá á fẹ́ gbọ́ ikú tèmi náà.

Ọjọ́ tó bá kàn mí, kí Fernand rí sí ti ìsìnkú, ó mọ bí wọ́n ti ń ṣètò mọ́tò. Èyí tó kù kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ dá, bí kò dá, wá. Má ṣe gba ti géètì, má dá ògiri lóhùn. Gba ẹ̀yìnkùlé, mú òòlù, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Rọra kan àwọn onírin, ariwo wọn pọ̀. Sọ fún wọn pé Marlyse, àkọ́bí Joséphine àti Aloyse, ló ń sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ ló wà báyìí.

Bàbá rẹ,
Aloyse